Ẹ̀pà Àkọ́rọ̀, Ẹ̀pà Àrọ̀kúrò

Nígbà èwe wa ní Mushin, ọjà Òjúwòyè ni ìyá mi ti ń ta ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí. Àwọn alájàpá ló ń kó o wá fún un láti Ṣakí àti Ìgbòho. Kí ìyá mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà, yóò pa ẹ̀pà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò wò ó, yóò ní: "Ìgbà wo ni wọ́n gbin èyí?"

Ìgbà tí wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà ní Òkè-Ògùn ni ìbéèrè yẹn tó yé mi. Bí ẹ̀pà bá tanná tán, yóò na ọwọ́ tín-ín-rín wọ inú ilẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń so. Bí wọ́n bá pẹ́ gbìn ín, tí ilẹ̀ sì ti gan, ọwọ́ yẹn kò ní ríbi wọ̀. Bó bá ráyè wọ̀, tí òjò wá dá kí ọmọ tó yó, ẹ̀pà á hunjọ sínú èèpo, òróró rẹ̀ kò sì ní tó nǹkan. Ẹni tó yá jù náà kò bọ́: tirẹ̀ á gbó sínú òjò, òmíràn á hù nínú ilẹ̀, òmíràn á bu níbi tí wọ́n sá a sí. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi ń fi ọkọ́ wú ilẹ̀ wò, bóyá omi ti wọ̀ ọ́ dénú. Òjò kan ṣoṣo kò tàn án jẹ rí.

Ẹ̀pà ilẹ̀ Haúsá tún yàtọ̀. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Kánò ní 1912 ni wọ́n ti ń kó o wá sí Èkó. Àwa ọmọdé a máa dúró wo ọkọ̀ ojú irin náà bó ṣe ń gba Mushin àti Yaba kọjá, tó ń lọ sí Apápá. Ní 1975, àrùn rosette pa oko ẹ̀pà tó tó nǹkan bí 700,000 hẹ́kítà run ní Òkè Ọya. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé mu ló ń gbé àrùn náà kiri, oko tí wọ́n bá pẹ́ gbìn, tí wọ́n sì gbìn jìnnà síra, ló sì máa ń bá jà jù. Èyí tí wọ́n tètè gbìn, tó sún mọ́ra, á ti bo ilẹ̀ kí kòkòrò tó pọ̀. Lẹ́yìn náà, àwa tí à ń kó ẹ̀pà ránṣẹ́ sókè òkun wá di ẹni tó ń ra òróró wọlé. Ó dùn mí títí di òní.

Lọ́dọọdún ni NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ń kéde ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Mo fẹ́ kí ìkéde náà máa dé etí àgbẹ̀ Ṣakí àti Ìgbòho lédè Yorùbá, lórí rédíò, kí wọ́n tó gbé irúgbìn jáde.