Igi Aláwọ̀ Aró ní Kent

Láti London Bridge, ọkọ̀ ojú irin kì í lò ju wákàtí kan lọ kó tó dé Tunbridge Wells. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Inú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, olùkọ́ bàọ́lọ́jì, dùn sí i. Bàtà tèmi kò gbà pẹ̀lú wọn.

Nínú igbó tí onílẹ̀ ti yọ̀ǹda fún wa, wọ́n kúnlẹ̀ ti ẹ̀ka igi oak kan tó ti jẹrà, wọ́n là á. Aró ni inú rẹ̀, aró tó lú mọ́ àwọ̀ ewé. Olú tó ń gbé inú igi ló rẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí a máa wá irú igi yìí kiri ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á tò ó sára àpótí pẹ̀lú igi aláwọ̀ mìíràn, láìkun ọ̀dà kankan.

Igi rírẹ wọ́pọ̀. Olú gan-an ló ń fara pamọ́. Ẹ̀yìn ti ń ro mí kí a tó rí i: àwọn abọ́ pẹrẹsẹ tín-ín-tìn-tín, tí èyí tó tóbi jù kò ju mìlímítà márùn-ún lọ.

“Má fìka fà á. Gé igi mọ́ ọn.”

Oríṣi méjì ló wà ní Bìrìtéènì, Chlorociboria aeruginascens àti C. aeruginosa. Ẹni tó bá fi fọ́tò nìkan yà wọ́n sọ́tọ̀, ó ń méfò ni.

Alẹ́ ọjọ́ náà la gbé e sábẹ́ máíkíróskóòpù, kó tó gbẹ. Hans-Otto Baral, ará Jámánì, ti kọ ọ́ ní 1992 pé inú omi, láàyè, ló yẹ kí a ti wo irú olú báyìí, nítorí ohun púpọ̀ ló ń parẹ́ bó bá ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi fi bíléèdì ré e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n kán omi sí i, wọ́n fi ìdí pẹ́ńsù tẹ gíláàsì orí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àpò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kún ojú awò, irúgbìn mẹ́jọ nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Mo ń ka ìwọ̀n, wọ́n ń kọ ọ́. Ti aeruginosa sábà máa ń gùn tó máíkírómítà 9 sí 14, ó sì sanra. Tiwa kò kọjá 8, wọ́n sì tín-ínrín.

“Aeruginascens,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, wọ́n kọ ọ́ sára àpòòwé, pẹ̀lú orúkọ igi àti ọjọ́. Wọ́n tún tọ́ka sí olú funfun onírun kan létí igi kan náà, wọ́n ní kí n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àwọn ríbi wò.