Èlùbọ́ Tó Yẹ Kó Lọ sí Lesotho

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn nóòtù ìṣirò mi ni mo ti ṣètò họlidé tó ń bọ̀. Lesotho ni mo ń lọ. Àbúrò màmá mi ń ṣe tíṣà ní Maseru, olú-ìlú wọn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ti wálé gbẹ̀yìn.

South Africa ló yí Lesotho ká pátápátá, bí ìgbà tí ilé èèyàn wà láàárín àgbàlá ẹlòmíì. Ẹni tó bá gba ojú títì lọ, àfi kó kọ́kọ́ tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ onílé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: páàsípọ́ọ̀tù, físà, owó bàálù, kóòtù òtútù. Bẹ́ẹ̀ ni o, òtútù! Orí òkè ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà wà; ibi tó rẹlẹ̀ jù níbẹ̀ ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 1,000. Lóṣù kẹfà sí ìkẹjọ, tí àwa ń sá fún òjò, òjò dídì lè máa bọ́ lórí òkè tiwọn. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni àwọn Basotho máa ń dà bora jáde, bí àwa ṣe ń wọ agbádá ròde.

Bàbá mi kà á tán. Wọn ò bínú. Wọ́n gba báírò lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ "owó WAEC" sókè gbogbo rẹ̀, wọ́n dá a padà. Ká sòótọ́, mo ti mọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ti Màmá Àgbà ló ká mi lára jù. Wọ́n ti lọ èlùbọ́, wọ́n ti di í sínú ọ̀rá mẹ́ta, kí n gbé e fún ọmọ wọn. Ó ṣì wà ní igun kíṣìnì wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ sọ fún wọn. Mo ti wọlé tọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, omi ni mo bù mu jáde.