Oko Kòkó Bàbá Wa

Ní ọdún 1998 ni bàbá wa wá kí wa ní Ajégúnlẹ̀ fún ìgbà kan ṣoṣo. Láti Ìdànrè ni wọ́n ti wọkọ̀ wá, pẹ̀lú ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì àti àpò iṣu kan. Ilé tí à ń gbé nígbà náà kò jìnnà sí Boundary, níbi tí Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá ti pààlà. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ tí wọ́n dé, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, omi ti wọ yàrá. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo àgbàlá títí, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ ní ajé ló gúnlẹ̀ síbí. Ó dà bíi pé omi ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ kí ajé tó dé." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tí wọ́n fẹ́ rí jù lọ ni wọ́ọ̀fù Àpápá. Láti ọdún 1926 ni ọkọ̀ òkun ńlá ti ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, Bàbá sì ti ń gbọ́ láti kékeré pé ibẹ̀ ni kòkó ń gbà lọ sílùú òyìnbó. A kò ní ìwé àṣẹ láti wọlé, nítorí náà a dúró lódìkejì títì, láàárín àwọn tírélà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá bi wá pé, "Bí wọ́n bá ń kó kòkó sínú ọkọ̀, ṣé wọ́n máa ń dárúkọ ẹni tó gbìn ín?" A ní rárá o, iye àpò àti bí kòkó náà ṣe dára tó nìkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Wọ́n mi orí.

Ẹni tí kò bá tíì ṣe iṣẹ́ kòkó rí kò lè mọ̀. Bí ẹ bá gbìn ín, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ẹ ó fi dúró kí ó tó so. Láàárín ìgbà náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ gbìn ṣe ìbòòji fún un ni ọmọ yóò máa jẹ. Bí òjò bá pọ̀ jù, èso yóò dúdú, yóò sì jẹrà lórí igi, àfi kí ẹ tètè fín oògùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ́ ọ, ẹ ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ ó tún sá a sóòrùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ojú yín yóò sì máa wà lójú ọ̀run nítorí òjò. Iṣẹ́ yìí ni Bàbá ṣe títí ọwọ́ wọn fi le bí èèpo igi.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, Bàbá ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógún, àdá ti wà lọ́wọ́ wọn. Owó kòkó wà lára ohun tí wọ́n fi gbé ẹ̀kọ́ náà ró. Àwọn tí kò rí ilé-ìwé lọ ni wọ́n ṣiṣẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn lè lọ.

Ìyàwó kan ni wọ́n fẹ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń fẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kí ọwọ́ lè pọ̀ lóko. Bí ìyá wa bá lóyún, Bàbá fúnra wọn ló ń pọn omi, àwọn ará àdúgbò a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìdájí, kí wọ́n tó lọ oko, wọn a gbàdúrà fún àwa ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí Jobu ti ń ṣe fún àwọn ọmọ tirẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àgbà dé orí àbíkẹ́yìn. Àdúrà náà a máa bà wá lẹ́rù. Bí ẹnìkan nínú wa bá ti jí ẹran nínú ìkòkò lánàá, àti Ọlọ́run àti gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1994, a sọ fún wọn pé a fẹ́ fi iṣẹ́ akọ̀wé tí à ń ṣe ní Àpápá sílẹ̀, kí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì. Inú wọn kò dùn rárá. Fún oṣù méjì, wọn kò ránṣẹ́ sí wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wá wálé, wọ́n sì ka owó ilé-ẹ̀kọ́ náà lé wa lọ́wọ́ pé pérépéré. Àwa rò pé kòkó ló ṣe é, nítorí láti ìgbà tí ìjọba ti tú Bọ́ọ̀dù tí ń ra kòkó ká ní ọdún 1986, owó kòkó ti gbéra. A kò béèrè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí Bàbá lò lọ́dọ̀ wa, Naboti ni a wàásù lé lórí. A pariwo lórí pẹpẹ pé Naboti kú nítorí ogún baba rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ìsinsìnyí ń fi ogún tiwọn dógò nítorí owó, irú wọn kò sì ní ìran. Ìjọ hó yèè. Bàbá wà ní ìlà kejì nínú aṣọ etù wọn, wọ́n ṣe àmín. Nígbà tí à ń lọ sílé, wọ́n bi wá pé, "Naboti yìí, ṣé ó bímọ?" Bí ẹni tó kàwé, a dá wọn lóhùn pé Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹsàn-án, mẹ́nu ba àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn. Ó dára."

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọdún 2006. Lẹ́yìn ìsìnkú, bàgbà kan láti Ìdànrè pè wá sẹ́yìn ilé. Ó ní òun ni Bàbá fi apá tó pọ̀ jù nínú oko wọn dógò fún ní 1994. Òun ló ń ká kòkó ibẹ̀ lọ́dọọdún bí èlé owó òun, títí Bàbá fi san gbèsè náà tán ní ọdún 2003. Bàbá ti bẹ òun kí òun má sọ, kí Pásítọ̀ má baà fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ Naboti lórí pẹpẹ ní Ajégúnlẹ̀, oko náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń jẹ lọ́sẹ̀ náà, láti inú ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ni. A kò tíì wàásù láti orí kọkànlélógún yẹn mọ́ láti ìgbà náà.

A bi ìyá wa léèrè ohun tí Bàbá sọ nígbà tí wọ́n padà dé láti Èkó. Wọ́n ní Bàbá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà kí wọn pé ọmọ òun mọ ìwàásù í ṣe, ṣùgbọ́n omi pọ̀ níbẹ̀ jù.