Kí ọmọ tó bọ́ sínú omi, ẹ béèrè nípa asẹ́

Àwọn ọmọ ti ń bi wá pé ìgbà wo la máa kó wọn lọ sí swimming pool. A ò sọ pé ká má lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ ká jọ sọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé tí omi bá ti ń rùn, tó ń ta ojú, chlorine ti wà níbẹ̀, ó mọ́ nìyẹn. Rárá o! Òórùn yẹn máa ń jáde nígbà tí chlorine bá pàdé òógùn àti ìtọ̀ àwọn tó wà nínú omi. Ìdọ̀tí ló ń ta yín lójú.

Chlorine ń ṣiṣẹ́ o. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí. Àmọ́ ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Cryptosporidium, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ó lè lò ju ọjọ́ 7 lọ nínú omi tí chlorine rẹ̀ pé, kó má kú. Lọ́dún 2005, ní Seneca Lake State Park ní ìpínlẹ̀ New York, ó ju 3,000 ènìyàn tó ṣàìsàn níbi tí omi ti ń tú sára àwọn ọmọdé. Omi kan náà ni wọ́n ń yí po lò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí irú ibẹ̀ máa fi iná ultraviolet pa kòkòrò inú omi.

Ibi tí asẹ́ ti wúlò nìyí. Yanrìn ló wà nínú ọ̀pọ̀ asẹ́; pọ́ọ̀ǹpù ló ń ti omi gba inú rẹ̀. Kòkòrò yẹn kéré gan-an, yanrìn nìkan ò lè mú un tán. Ṣé ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi álọ́ọ̀mù sí omi, tí ìdọ̀tí á ṣù pọ̀? Ọgbọ́n kan náà ni. Ohun tó bá ṣù pọ̀ ni yanrìn máa ń dá dúró. Tí kò bá wá síná, tí wọn ò tan jẹnẹrétọ̀, pọ́ọ̀ǹpù ò ṣiṣẹ́, asẹ́ ń sùn nìyẹn.

Torí náà, kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ ká béèrè: Ṣé pọ́ọ̀ǹpù ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà táwọn ènìyàn bá wà nínú omi? Ìgbà wo lẹ fọ asẹ́ kẹ́yìn? Ká sì wò ó bóyá a rí ìsàlẹ̀ omi kedere. Tí ìdáhùn ò bá tẹ́ wa lọ́rùn, ká yíjú padà. Owó ọkọ̀ tó ṣòfò sàn ju owó ilé ìwòsàn lọ.

Tiwa náà ńkọ́? Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru kò gbọdọ̀ wọ omi, kódà tí a bá ti sanwó fún un. Tó bá jẹ́ Cryptosporidium ni, kó fi ọ̀sẹ̀ 2 kún un lẹ́yìn tí ìgbẹ́ bá dúró. Ọmọ ẹlòmíì náà, ọmọ ni. Kí wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n má gbé omi náà mì, ká sì máa mú wọn jáde lọ tọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìwé tó ní pool, ẹ jẹ́ kí ìfẹ́ ọmọnìkejì hàn nínú asẹ́ yín. Olúwa á bá wa dá àwọn ọmọ wa sí. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí mìíràn.