Lẹ́tà Tí Mo Bá Adúmáradán Kọ

Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí àbúrò ọkọ mi gbé ìwé wá bá mi ní ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí ń kun aláìsàn lóorun kí àwọn dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Adúmáradán ni mo ń pè é, nítorí pé mo bá a nílé ọkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Òun náà kì í pè mí ní ohun mìíràn ju "Ìyàwó wa" lọ. Ó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún márùn-ún nígbà náà, ó sì ti bí ọmọ kan.

"Ìyàwó wa, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé jù nínú ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ lẹ́tà tí wọ́n ní kí a fi sọ ìdí tí a fi fẹ́ iṣẹ́ náà."

Inú mi dùn, n kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ń dán bí abọ́ tánganran kọ ojú ìwé méjì. Mo sọ nípa ọjọ́ 16, oṣù Ọ́kítóbà, ọdún 1846, tí William Morton fi ether kun ọkùnrin kan tí ó ní kókó lọ́rùn lóorun ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà. Mo sọ nípa Alice Magaw, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tí ó kọ ọ́ jáde ní ọdún 1906 pé ó lé ní 14,000 ìgbà tí wọ́n ti kun aláìsàn lóorun níbi iṣẹ́ òun, tí oorun náà kò sì pa ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí Adúmáradán nínú rẹ̀ rárá.

Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àgbà obìnrin kan ka lẹ́tà náà tán, ó sì bi í pé kí ni ó rí ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀ tí iṣẹ́ yìí fi wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ẹnu rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí ó padà dé lálẹ́, kò dá mi lẹ́bi. "Ìyàwó wa," ó ní, "lẹ́tà yẹn dára, ṣùgbọ́n ó ga jù mí lọ."

Ẹ̀yin ìyá, ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, tí mo máa ń dá iṣẹ́ padà fún ẹni tí ẹlòmíràn bá kọ ọ́ fún, èmi gan-an ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé mo mọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo fẹ́ bí ọmọ mi kejì, aago méjì òru ni wọ́n gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì kan ni ó jókòó sí ìgbèrí mi, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ wa, àwọn dókítà tí ó kọ́ iṣẹ́ oorun yìí kò pọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe é. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ara mi sì kú láti ìdí lọ sísàlẹ̀. Láìpẹ́ òòyì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mi. Obìnrin náà ti tẹ́ aṣọ kíká sábẹ́ ìbàdí mi ọ̀tún kí n lè fì sí òsì, nítorí pé bí aboyún bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ilé ọmọ a máa tẹ iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Ó tún fún mi ní oògùn, nítorí pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn náà a máa mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ títí ọmọ fi ké. Títí di òní n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀, n kò fọwọ́ kan kálàmù. Ẹ̀gúsí ni àwa méjèèjì ń ṣa ní ilé ìdáná, mo sì ń bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti sọ nípa obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ yọ kókó inú ilé ọmọ fún. Obìnrin náà búra pé òun kò jẹun, ṣùgbọ́n Adúmáradán rí epo àkàrà létí aṣọ rẹ̀. Kò pariwo mọ́ ọn. Ó jókòó tì í, ó sì fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bi í. Ó hàn pé ìyá ọkọ ni ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá lówùúrọ̀, kí ìyàwó má baà fi ara tí kò lágbára wọ yàrá abẹ. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà di ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, oúnjẹ sì ni iṣẹ́ mi. Bí oorun oògùn bá gbé ènìyàn, ọ̀nà ọ̀fun kò lè ṣọ́ ara rẹ̀ mọ́, oúnjẹ inú ikùn lè gòkè, kí ó sì ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí ó tó wákàtí mẹ́fà tí aláìsàn ti jẹ oúnjẹ, kí ó tó mẹ́jọ bí oúnjẹ náà bá ní ọ̀rá bí àkàrà, kí ó sì tó méjì tí ó ti mu omi lásán. Ẹ tẹ̀lé èyí tí ilé ìwòsàn yín bá sọ fún yín, ẹ má sì jẹ́ kí ìfẹ́ ìyá ọkọ yẹ̀ ẹ́.

"Ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ ọ́ yìí," ni mo wí fún un. Ojú ìwé kan péré ni ó kọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ni ó fi ọdún kan gbáko ṣòfò. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé ẹ̀rí WAEC, orúkọ ọkọ ni ó wà lórí àwọn ìwé ibi iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìwé kan tí ó so méjèèjì pọ̀ títí ó fi lọ búra ní ilé ẹjọ́. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá, èyí tí àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà máa ń sọ dọ̀tun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ó wà nílé pẹ̀lú ọmọ tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, ẹ yẹ àpótí ìwé yín wò lónìí.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Bí mílígíráàmù 50 oògùn kan bá wà nínú mílílítà 1, tí ọmọ tí ó wọn kílò 20 yóò sì gba mílígíráàmù 2 fún kílò kọ̀ọ̀kan, mélòó ni a ó fà sínú abẹ́rẹ́? Mílígíráàmù 40 ni, mílílítà 0.8 ni a ó fà. Ìwọ̀n ìyẹ̀fun àti ṣúgà ni èmi fi ń kọ́ni, ṣùgbọ́n bí kéèkì bá bàjẹ́, dídànù ni a ó dà á nù.

Ọkọ rẹ̀ kò lòdì sí i. Ohun tí ó bi wá ni pé ta ni yóò máa mú ọmọ bọ̀ láti ilé ìwé. Ọkọ mi wo ojú mi. Mo ní èmi ni, mo sì fi iṣẹ́ ìkọ́ni ìrọ̀lẹ́ tí mo fi ń kún owó ilé sílẹ̀. Irọ́ ni n ó pa bí mo bá ní kò dùn mí.

Ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kejì, kí àkùkọ tó kọ ni ó ti kúrò ní Ẹ̀gbẹ́dá, nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Akówónjò. Mo di mọ́ínmọ́ín fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ó pè mí lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ìyá alákàrà ni wọ́n fi ìdajì àkókò bi mí léèrè."

Oṣù kẹjọ rẹ̀ rèé ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Bí mo ti ń kọ èyí, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ń fi ìpọnkọ mi lu ìdí ìkòkò.