Gúlù Tí Ìmọ́lẹ̀ Ń Mú Le: Àkọsílẹ̀ láti Òkè-Ògùn

Ní ìsọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ rí gúlù yìí. Fóònù tí ojú rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ létí kì í gba gíláàsì ààbò pẹlẹbẹ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kán omi kan tó mọ́ gaara sójú fóònù, wọ́n á rọra gbé gíláàsì lé e, omi náà á máa nà lábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi kan gbogbo etí, wọ́n á wá tan iná elése àlùkò kékeré kan sí i. Kò pẹ́, omi ti di líle. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé UV lẹ fẹ́ àbí lásán?" ni wọ́n máa ń bi oníbàárà.

Èmi ò fẹ́ kí gúlù UV parí sí ìsọ̀ fóònù. Ohun tó lè bá wa tún ṣe pọ̀ nínú ilé. Ohun tí kò lè tún ṣe náà pọ̀, àwọn tó ń tà á kì í sì í dárúkọ wọn.

*

Gúlù kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń dúró dè kó tó le. Top Bond àwọn káfíńtà ń dúró kí omi inú rẹ̀ gbẹ. Evostik tí àwọn aránbàtà ń lò ń dúró kí èyí tó ń run sí wa nímú nínú rẹ̀ fẹ́ lọ. Araldite àti èyí tí wọ́n ń pè ní "four minutes" ń fẹ́ kí á po ọ̀rá méjì pọ̀. Sùpágúlù ń lo ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára ohun tí a fẹ́ lẹ̀. Ti gúlù UV yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Àwọn èròjà kéékèèké ló ń léfòó nínú rẹ̀, oníkálukú wọn lọ́tọ̀, pẹ̀lú èròjà mìíràn tí ìmọ́lẹ̀ máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti fọ́ ìyẹn, èyí tó fọ́ á gbá ẹni tó sún mọ́ ọn mú, ẹni yẹn á gbá ẹlòmíì mú, bí àwọn ọmọdé tó ń di ara wọn lọ́wọ́ mú títí wọn ò fi ní ráyè rìn mọ́. Gúlù ti le nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa ni èyí tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà láàárín nanómítà 365 sí 405. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ojú ènìyàn ò rí; òun ni wọ́n ń pè ní UV. Àwọ̀ àlùkò tí à ń rí lára iná náà, etí rẹ̀ lásán ni.

*

Irú ìmọ́lẹ̀ yìí kan náà wà nínú oòrùn, oòrùn ò sì wọ́n wa ní Òkè-Ògùn. Nǹkan bíi dígírì 8.7 ni Ṣakí fi wà lókè ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń dúró ṣánṣán lórí ìlú náà lọ́sàn-án gangan: ní àárín oṣù kẹrin àti ní ìparí oṣù kẹjọ. Ti Ìsẹ́yìn kò jìnnà sí i. Ẹni tí kò ní iná UV lè gbé ohun tó lẹ̀ jáde sí gbangba, kó sì fi í síbẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, yóò ṣì le, àmọ́ yóò pẹ́ díẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ tí eruku bá bo ojú oòrùn, ẹ fi kún àkókò rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà fún wa ni fífi gúlù náà pa mọ́ fún oòrùn. Ìgò dúdú ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, ó sì nídìí. Ẹni tó bá ṣí i sójú fèrèsé, tó wá lọ dá ẹni tó kí i lóhùn, lè padà wá bá ẹnu ìgò tó ti dí. Abẹ́ òrùlé ni kí ẹ ti kán an sí ohun tí ẹ fẹ́ lẹ̀, kí ẹ dé ìgò náà pa, kí ẹ tó jáde.

*

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò bá dé, gúlù ò ní le níbẹ̀. Ẹ gbé pákó méjì lé ara wọn pẹ̀lú gúlù UV láàárín, ẹ fi sóòrùn láti àárọ̀ dalẹ́: omi ni ẹ óò bá láàárín wọn. Bí kì í bá ṣe ojú òde ni gúlù wà, ọ̀kan ó kéré tán nínú ohun méjì tí a fẹ́ so pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá.

*

Awò ojú. Bí mo bá ní kí n yan ohun kan ṣoṣo tí gúlù yìí yẹ fún nínú ilé, òun ni n óò yàn. Àwọn àgbà wa tó ń ka Bíbélì àti Kùránì kì í ní awò méjì. Bí apá rẹ̀ bá dá, wọ́n á fi òwú wé e, tàbí kí ọmọ kan lọ ra sùpágúlù. Sùpágúlù a máa mú un lóòótọ́, àmọ́ èéfín rẹ̀ ń bà sójú dígí, ó ń di funfun bí ìkúùkù, àgbàlagbà náà ò sì ní ríran dáadáa mọ́. Gúlù UV kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti bàbá kan tí mo mọ̀, ẹ̀bá ìdè tí apá rẹ̀ fi ń ká ló ti dá. Wọ́n ti fi sùpágúlù lẹ̀ ẹ́ rí, ó sì tún ti já. A fi abẹ́ ha gbogbo gúlù àtijọ́ yẹn kúrò, a fi sáńpépà kékeré fá ojú ibi tó dá kí gúlù lè rí ibi dì mú, a fi spírítì nù ún, a ò sì fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́. A ti kọ́kọ́ fi faselíìnì díẹ̀ sínú ìdè náà, torí bí gúlù bá ṣàn wọbẹ̀ tó sì le, apá awò ò ní ṣeé ká mọ́. A gé abẹ́rẹ́ píìnì kúrú, a tẹ́ ẹ lé ojú ibi tó dá kó ṣe eegun fún un, a wá kán gúlù fẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ṣé oòrùn yìí ò ní yọ́ ọ?" Mo ní, "Rárá o, bàbá, oòrùn gan-an ló máa mú un le." A tún fi ìpele mìíràn lé e, a sì tún gbé e sóòrùn. Ìpele tín-ín-rín tín-ín-rín ló dára. Bí a bá kó o jọ gbundu lẹ́ẹ̀kan, òkè rẹ̀ á le, inú rẹ̀ lè má le tán, yóò sì gbóná lọ́wọ́ bó ti ń le.

Lẹ́yìn tó ti le, ojú rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Èyí kì í ṣe àmì pé gúlù bàjẹ́. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni kì í jẹ́ kí awẹ́ òkè pátápátá le. Spírítì díẹ̀ lórí àkísà mímọ́ ti tó láti nù ún kúrò.

Ẹ̀yin tí awò yín jẹ́ èyí tí wọ́n kọ "UV400" sí, ẹ má retí pé gúlù tó wà lẹ́yìn dígí náà yóò le bí iná bá ti iwájú wá. Iṣẹ́ dígí náà ni láti dí irú ìmọ́lẹ̀ yẹn lọ́nà. Ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ni kí ẹ ti tàn án.

*

Ẹ dojú àga ike yín dé, tàbí bàkẹ́ẹ̀tì, tàbí bútà tí ẹ fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹ óò rí òǹtẹ̀ onígun mẹ́ta kan nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà láàárín rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 2, 4 tàbí 5, ẹ fi gúlù UV sílẹ̀. Ike tó ń jẹ́ polyethylene àti polypropylene nìyẹn, ara wọn yọ̀ débi pé gúlù á le tán, a ó sì fi èékánná ṣí i kúrò. Sùpágúlù náà kì í mú wọn dáadáa.

Àwọn tó ń fi irin gbígbóná jó ike, tí wọ́n ń yọ́ ẹ̀ya rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, tí wọ́n sì ń fi ike àlòkù dí ibi tó lu, àwọn ló ń ṣe ohun tó tọ́ fún irú ike yìí. Ojú iṣẹ́ náà kì í dán, ṣùgbọ́n bàkẹ́ẹ̀tì náà á gbomi. Mi ò fara mọ́ ọn bí àwọn ènìyàn ṣe ń fojú kéré wọn nítorí pé ohun tuntun kan wà lórí àtẹ.

*

Bẹ́ẹ̀ náà ni igbá. Ẹni tó ń gán igbá máa ń lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tó là, á sì fi okùn rán an pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í la igbá kọjá, igbá sì ń fa omi, ó ń wú, ó sì ń sún kì. Gúlù líle á yà lára rẹ̀. Okùn ń bá a na ara ni.

*

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ahunṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, tí òwú wà káàkiri ilé wọn: ẹ má fi òwú nu sùpágúlù láéláé. Bí sùpágúlù bá pọ̀ lára òwú, wọ́n á jọ gbóná lójijì, ó lè rú èéfín, ó sì lè jó ènìyàn lọ́wọ́. Bí ara ohun èlò òfì bá rí págunpàgun, tó sì ń fa òwú já, ìpele gúlù UV fẹ́ẹ́rẹ́ lójú ibẹ̀, tí a fi sáńpépà tó kúnná jù fá lẹ́yìn tó ti le, á jẹ́ kó yọ̀. Ojú òde ni gúlù wà níbẹ̀, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ igi.

*

Okùn ṣájà tó bó: rárá. Gúlù yìí á le, okùn á tẹ̀, á sì kán. Èyí tó ń gbé iná NEPA wọlé, ẹ má tilẹ̀ dán an wò.

*

Kì í ṣe òní ni ènìyàn ti ń fi ìmọ́lẹ̀ mú nǹkan le. Ní nǹkan bí ọdún 1826 sí 1827, Nicéphore Niépce ní ilẹ̀ Faransé tẹ́ irú ọ̀dà kan fẹ́ẹ́rẹ́ sórí páànù, ó gbé e sínú àpótí tó kọjú sí ìta fèrèsé rẹ̀. Ibi tí oòrùn mú dáadáa le, ó sì fọ èyí tí kò le kúrò. Fọ́tò tó pẹ́ jù tí a ṣì ní láyé nìyẹn.

Àwọn oníṣègùn eyín ló sọ ọ́ di ohun tí à ń lò lára ènìyàn. Ní 1955, Michael Buonocore ní Rochester, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá fi ásíìdì fá ojú eyín díẹ̀, ike á lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1970 ó ti ń lo ìtànṣán UV láti mú ohun tó fi ń bo ojú eyín le. Ní 1976, ní Manchester, wọ́n dí eyín pẹ̀lú èyí tí ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ojú ń rí ń mú le, torí ìtànṣán UV kì í wọlé jìn. Ẹni tó bá ti lọ dí eyín ní Ìbàdàn, tí dókítà ki ọ̀pá oníná búlúù sí i lẹ́nu, ẹbí gúlù yìí ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ilé ìtọ́jú eyín tí Buonocore ti ṣiṣẹ́, owó George Eastman tó dá Kodak sílẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ Eastman Kodak náà ni Harry Coover, ẹni tó ṣàwárí sùpágúlù, wà nígbà tí wọ́n gbé sùpágúlù jáde fún títà ní 1958. Owó fọ́tò ló wà nídìí méjèèjì.

*

Iná. Àwọn obìnrin ọjà àti àwọn oní-POS ti ní in: tọ́ọ̀ṣì elése àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lè mú gúlù yìí le. Iná tí àwọn tó ń ṣe èékánná ń lò náà lè ṣe é. Ẹ má tẹjú mọ́ èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi wọ́n ṣeré.

*

Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe èékánná àti àwọn ọmọkùnrin ìsọ̀ fóònù gbọ́: gúlù yìí nígbà tó ṣì jẹ́ omi kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara. Bó bá ń kan awọ ara lemọ́lemọ́, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́: ìka á máa yún, á máa bó, kíkọ̀ yẹn sì lè má lọ mọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ irú èròjà yìí, ó lè kan án lọ́jọ́ tí dókítà eyín bá fẹ́ lo tirẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2025 ni àwọn orílẹ̀-èdè àpapọ̀ Yúróòpù ti fòfin de TPO, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ìmọ́lẹ̀ ń fọ́ yẹn, nínú ohun ìṣaralóge. Mo ti rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ìka lásán nu gúlù kúrò létí fóònù láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá wọn, ẹ ra ìbọ̀wọ́ fún wọn.

*

Ẹ má fi gúlù yìí lẹ ife tí ẹ ó fi mu ẹ̀kọ gbígbóná, tàbí ohunkóhun tí yóò gorí iná. Ooru á mú un rọ̀, a kò sì fẹ́ ẹ nínú oúnjẹ. Ìkòkò tó bá lu, alágbẹ̀dẹ ló ni ín.

*

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ra ìgò tó kéré jù lọ. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí ọ̀rá lójú ẹni tó ń tà á, ẹ fi iná tàbí oòrùn sí i: bí kò bá le láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dá a padà fún un. Ẹ wé ìgò náà sínú ọ̀rá dúdú, ẹ fi sínú dúrọ́ọ̀ tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, ẹ sì kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé bóyá awò ẹnì kankan ti dá.