Owó kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ wọn: Ohun tójú mi rí n'Íkòtún

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé màá pe ọmọ ọlọ́mọ lólè ní gbangba, màá ní irọ́ ni. Àmọ́ mo ṣe é, n'Íkòtún ni mo sì ti ṣe é.

Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó, tí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 di ohun tá à ń fi àtùpà wá. Kò sówó ní báńkì, kò sí lọ́wọ́ àwọn oní-POS, àfi ká máa tiránsífáà. Gbogbo ìlú ń tiránsífáà lẹ́ẹ̀kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì gbé e.

Ní Sátidé kan, mo wọ kòròpé láti Ìgándò lọ sí ìsọ̀ ńlá kan n'Íkòtún. Ọjọ́ kejì ni ìkómọ ọmọ-ọmọ mi. Mo ra àpò ìrẹsì kan, òróró, mílíìkì àti mọ́ọ̀tì, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦64,000. Owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni. Mo tiránsífáà, fóònù mi dún, wọ́n ti yọ owó. Ọmọbìnrin tó ń gbowó wo fóònù tiwọn, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, kò tíì wọlé."

Mo dúró fún wákàtí kan, ó di méjì. Mo ní kó jẹ́ kí n máa gbẹ́rù mi lọ, ó ní òun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ni mo bá figbe ta. Mo ní olè ni wọ́n, mo ní òun gan-an ló mọ ibi tówó mi wà. Àwọn kan ń gbè mí lẹ́yìn, àwọn kan ní kí n kúrò lọ́nà. Ọmọ yẹn bú sẹ́kún. Ó ní, "Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá gbé e lọ, tówó ò wọlé, èmi ni wọ́n máa ní kí n san án. Owó oṣù mi ò tó ìdajì ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Èmi ń sunkún owó mi, òun ń sunkún owó tí kò rí jẹ.

Bàbá kan tó tò sẹ́yìn mi ló là mí lọ́yẹ. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bọ́mọ yìí jà. Ẹ ṣí risíìtì tiránsífáà yín, ẹ wo nọ́ńbà gígùn tí wọ́n kọ session ID sí. Òun ni báńkì fi ń tọpa owó." Mo ní kí máníjà kọ iye ọjà mi àti àsìkò tí mo sanwó sínú ìwé, ó kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i. Mo fẹrù sílẹ̀. Ìrẹsì tí ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jà Ìkòtún tà fún mi láwìn la fi ṣèkómọ.

Ní Mọ́ńdè, mo lọ tò ní báńkì mi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n yẹ nọ́ńbà yẹn wò, wọ́n ní owó ti dé àkántì ìsọ̀ náà láàárọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síwèé fún mi. Mo gbé e lọ bá máníjà. Wọ́n wá a, wọ́n rí i. Owó ti wọlé, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ó ní kí n wá kó ọjà, pé àwọn kì í dá owó padà. Mo ní ọjà ò kúrò lọ́wọ́ yín rí, ìkómọ sì ti kọjá. Mi ò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Mo kàn sọ fún un pé ọ̀dọ̀ LASCOPA, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà l'Ékòó, ni màá gbà lọ, bí wọn ò bá sì dá a, màá dé ọ̀dọ̀ FCCPC tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Kílẹ̀ tó ṣú, ₦64,000 mi ti padà.

Kí n tó lọ, mo wá ọmọ yẹn kàn. Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, forí jì mí." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ó ti tán." Ojú tì mí ju ọjọ́ tí mo ń pariwo lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá ṣe yín, ẹ tọ́jú risíìtì yín, ẹ gbàwé lọ́wọ́ ọ̀gá. Ariwo mi ò gba kọ́bọ̀ kan padà, ìwé ló gbà á. Ẹni tó dúró nídìí owó kọ́ ló ni owó. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.